Ẹni méjì jí fóònù, ìyà wọn ò dọ́gba: kí ni adájọ́ ń wò?

Ìbéèrè: Ọ̀kan gba ẹ̀wọ̀n oṣù 8, wọ́n ní kí èkejì lọ máa fọ gọ́tà. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn?

Kò dájú. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, òfin kì í dárúkọ iye ẹ̀wọ̀n gan-an, ibi tí adájọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ló ń sọ. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, olè jíjà lásán kò ju ọdún 3 lọ. Ohun tí adájọ́ fẹ́ kí ìyà náà ṣe ló máa pinnu ibi tí yóò dúró sí.

Ìbéèrè: Kí wá ni ìyà wà fún?

Òfin ACJA (Administration of Criminal Justice Act) ọdún 2015, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn tí àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò (àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn), ka ohun 7 sílẹ̀ ní abala 401: kí ọ̀daràn má tún dán an wò mọ́, kí wọ́n mú un kúrò láàárín ìlú, kí ó kọ́ṣẹ́ kí ìwà rẹ̀ lè tún ṣe, kí ó di àríkọ́gbọ́n fún àwọn yòókù, kí aráàlú mọ ìwà rere yàtọ̀ sí búburú, kí ó jẹ ìyà tó tọ́ sí i, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ rí owó gbà-má-bínú gbà.

Àwọn ohun wọ̀nyí máa ń ta ko ara wọn. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, níbo ni yóò ti rí owó fóònù san? Ọmọ ogún ọdún tí a sì fi ṣe àríkọ́gbọ́n lè bá àwọn ògbólógbòó pàdé nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, kó kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni abala 460 ṣe fàyè gba iṣẹ́ ìlú, bíi gígé koríko àti fífọ gọ́tà. Kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, tàbí wákàtí 5 lójúmọ́. Ẹni tó yọ ọ̀bẹ kó tó gba fóònù, kó má retí rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni agbẹjọ́rò lè ṣe?

Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti ní ó jẹ̀bi, kó tó kéde ìyà, àyè wà láti bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi àyè yìí ṣòfò: “Ó níyàwó, ó lọ́mọ mẹ́ta.” Adájọ́ ti gbọ́ èyí títí ó ti sú u. Ìwé ni kí ẹ mú wá: rìsíìtì owó tó ti dá padà, lẹ́tà ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, àti déètì ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ àtìmọ́lé.

Déètì yẹn ṣe pàtàkì jù. Abala 416 ní kí wọ́n má fún ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní ní ìyà tó ga jù, kí wọ́n sì ka àkókò àtìmọ́lé mọ́ ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá dá oṣù 12 fún un, tó sì ti lo oṣù 9, ó ku oṣù 3. Ṣùgbọ́n wọ́dà kò sí nílé ẹjọ́, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló ń kà. Bí déètì kò bá sí nínú rẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́ ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ìpànìyàn ńkọ́?

Ikú ni Criminal Code pa láṣẹ, ẹ̀bẹ̀ kò lè yí i. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tó ṣe é, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa dá fún un. Aboyún gba ìdájọ́ ikú, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ pa á títí yóò fi bímọ, tí yóò sì já ọmọ náà lẹ́nu ọmú.