Géèjì Ìgbóná Ọ́ìlì Lára Ọ̀kadà: Bí A Ṣe Ń Fi Í Tí Kò Fi Ní Purọ́

Àgbẹ̀ kan wà nílùú Ìsẹ́yìn níbí tó ń fi Boxer kó iṣu wá sọ́jà. Mo tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rẹ̀, mo pààrọ̀ písítìnì àti ríìnì, mo tò ó padà, ó sì ń dún bó ṣe yẹ kó máa dún. Kò pé oṣù méjì tó fi tún tì í dé. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ó tún ti gan o." Mo tú bólútì ìdí ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú bí àdín, ó ṣàn bí omi, òórùn nǹkan tó jóná sì ń bọ̀ lára rẹ̀. Mo wá wo ara ẹ́ńjìnnì náà níta. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí tọ́ọ̀pù ká bí eyín òòyà, tí atẹ́gùn ń gbà àárín wọn kọjá, ẹrẹ̀ gbígbẹ ti dí gbogbo rẹ̀ pa.

Bàbá náà kì í ṣe aláìbìkítà. Ó ń wo epo, ó ń wo táyà, ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan lójú ọ̀kadà rẹ̀ tó lè sọ fún un pé ooru ti pọ̀ jù nísàlẹ̀ itan rẹ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti ń bá gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀kadà ru ẹrù sọ̀rọ̀ géèjì ìgbóná ọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń sọ bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Nǹkan kékeré ni, ẹni tó ní sùúrù tó sì ní sípánà lè fi í fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí fífi rẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, mo sì ti rí èyí tó ń purọ́ fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́.

Púpọ̀ nínú ọ̀kadà tó wà lójú títì wa kò ní rédíétọ̀ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn ló ń tu ara ẹ́ńjìnnì níta, ọ́ìlì ló ń ru ooru kúrò nínú lọ́hùn-ún. Ọ́ìlì yìí kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí písítìnì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, inú rẹ̀ náà ni gíá àti kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ sí. Tó bá gbóná ju agbára rẹ̀ lọ, á ṣàn jù, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, láti 80 dé 120 °C ni mo máa ń pè ní ara líle. Tó bá ti kọjá 130, ẹ dẹwọ́ lórí tírótù kí ẹ sì wá ibòji. Tó bá fi máa dé 150, ọ́ìlì lásán tí wọ́n ń tà fún wa ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní padà sípò mọ́ bó tilẹ̀ tutù tán. Ìtutù àtutùjù náà kò dára. Ẹni tó ń gùn ún ní kìlómítà kan péré tó fi ń pa á, ọ́ìlì rẹ̀ kì í gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ohun funfun bí ògì lábẹ́ ọmọrí ọ́ìlì nígbà òjò.

Ohun méjì ni ẹ máa rà: sẹ́ńsọ̀ tó máa wọnú ọ́ìlì, àti géèjì tí ẹ máa gbé síwájú. Nǹkan tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ máa ń dí iná lọ́nà tó bá tutù, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni ó ń yàgò fún iná. Géèjì kàn ń ka bí iná ṣe rọrùn tó láti kọjá ni. Nítorí náà, inú páálí kan náà ni kí méjèèjì ti wá. Ẹ má ra géèjì lọ́tọ̀ kí ẹ wá fi sẹ́ńsọ̀ àlòkù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí i; ó lè wọlé kó sì tan, àmọ́ nọ́ńbà tó máa gbé jáde kò ní jẹ́ òótọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kadà rárá, ẹ dán an wò lórí iná. Èmi máa ń so wáyà géèjì mọ́ bátìrì lórí tábìlì, màá gbé omi kaná, màá sì fi okùn so sẹ́ńsọ̀ kọ́ sínú omi náà kí ẹnu rẹ̀ má kan ìdí ìkòkò, nítorí ìdí ìkòkò gbóná ju omi lọ. Bí omi bá ń hó dáadáa, géèjì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan tó súnmọ́ 100. Ìkan tí oníbàárà kan gbé wá fún mi sọ pé 84, ó sì dúró síbẹ̀. Ká ní a fi í sára ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá ń sọ 120 ni ọ́ìlì náà ti ń jóná.

Ó wá ku ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa gbé. Àwọn kan máa ń fi í rọ́pò bólútì ìdí tí a ń tú da ọ́ìlì nù. Ibẹ̀ dára, torí inú ọ́ìlì ló máa ń wà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló súnmọ́ ilẹ̀ jù lọ. Lójú ọ̀nà oko wa, tó jẹ́ òkúta àti gbòǹgbò igi, ohun tó bá yọrí sísàlẹ̀ máa kan nǹkan lọ́jọ́ kan, ọ́ìlì á sì dà tán kí ẹ tó mọ̀. Ẹni tí ọ̀dà títì nìkan ló ń gùn lè fi í síbẹ̀. Fún àgbẹ̀ àti ẹni tó ń ru ẹrù wọ abúlé, èyí tó rọ́pò ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ni mo fara mọ́. Ẹ fi ọ̀pá tuntun wé ti àtijọ́ kí ẹ tó fi í wọlé: kò gbọdọ̀ gùn jù ú lọ, torí gíá ń yí nítòsí ibẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrú débi tí ẹnu rẹ̀ ò ní rì sínú ọ́ìlì. Ẹ rántí pé ọ́ìlì máa ń relẹ̀ díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lókè ọ́ìlì, ooru afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ló ń kà.

Tíréèdì, ìyẹn eyín tó yí bólútì ká, ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ara ẹ́ńjìnnì, alumíníọ́mù ni. Sẹ́ńsọ̀, irin tàbí idẹ, ó sì le jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ bólútì ìdí jẹ́ M12, ìyẹn mílímítà 12 ní fífẹ̀, tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mílímítà 1.5, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀kadà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tú bólútì tiyín, ẹ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi eyín sínú eyín lójú oòrùn. Tí ẹ bá dé ilé, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí i wọlé ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tó bá ń ta kú, ẹ tú u jáde. Ẹ má fi sípánà fipá mú un. Ẹ fi wáṣà bàbà tuntun sí i, kí ẹ fún un débi tí wáṣà ti fọwọ́ mú, ó tó. Bí tíréèdì ẹ́ńjìnnì bá já, owó tí ẹ máa ná láti tún un ṣe á ju owó géèjì lọ.

Bó bá jẹ́ wáyà kan péré ló jáde lára sẹ́ńsọ̀, ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má we téèpù funfun àwọn pọ́ńbà mọ́ tíréèdì rẹ̀. Téèpù yẹn lè gé ọ̀nà iná, géèjì á sì máa sọ pé tútù nígbà tí ọ́ìlì ń hó. Bí ọmọrí ọ̀pá ọ́ìlì bá jẹ́ rọ́bà, sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì ni kí ẹ rà.

Ní ti iná géèjì, ẹ má fà á lára wáyà iná iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ẹ́ńjìnnì ló ń fún iná iwájú lágbára tààrà láìgba bátìrì kọjá. Tí ẹ bá tẹ tírótù á ròkè, tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ á wálẹ̀, ó sì lè jó géèjì. Ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wá wáyà tó ní fóltì 12 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí, tí kò sì ní nǹkan kan nígbà tó bá tì. Ẹ fi fíúùsì kékeré sídìí rẹ̀ níbi tí ẹ ti fà á. Ẹ gbé wáyà sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ẹ sì yí ọwọ́ ọ̀kadà sọ́tùn-ún sósì pátápátá kí ẹ tó so ó pa, kó má baà já ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà tó ń sọ lẹ́yìn ìrìn ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀, pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù. Ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí èyí tó ń wà ní 105 tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ 120 lójú ọ̀nà kan náà, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ti dínkù tàbí ẹrẹ̀ ti dí ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí nígbà tó bá ṣì gbóná o, mo ti rí tọ́ọ̀pù tó sán nítorí ìyẹn.

Bàbá oníṣu ti fi tirẹ̀ báyìí. Ó sọ fún mi pé tó bá ti ru iṣu gòkè tó sì rí 125, òun á dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà, òun á pa á, òun á tún ṣí kọ́kọ́rọ́ kí géèjì lè máa sọ̀rọ̀, òun á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, òun á sì máa ha ẹrẹ̀ kúrò láàárín àwọn eyín irin náà títí tí nọ́ńbà náà á fi wálẹ̀ sí 90.