Ọkọ̀ Ń Rìn, Ẹrù Wà, Owó Oṣù Kò Wọlé: Ìbéèrè Àwọn Òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Akẹ́rù ní Iléṣà

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ìṣirò owó ní iléeṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó ẹrù láti Iléṣà lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, mo sì wà níbẹ̀ títí tí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀, ọmọ ọkọ̀, mẹkáníìkì àti akọ̀wé tí iléeṣẹ́ tiwọn náà ń dẹnu kọlẹ̀ ti máa ń wá bá mi, ìbéèrè wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo lè dúró tì.

Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń jáde, ẹrù kò sì tán. Báwo ni iléeṣẹ́ ṣe lè sọ pé òun kò lówó lọ́wọ́?

Ohun tó ń rú òṣìṣẹ́ lójú jù lọ nìyí. Awakọ̀ ń rí ẹrù, ṣùgbọ́n kò rí ọjọ́ tí owó ẹrù náà ń wọlé. Owó epo dísù, owó táyà àti owó ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ jáde kí ọkọ̀ tó kúrò ní gárèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ni ẹrù kì í sanwó lọ́jọ́ tí ẹrù bá gúnlẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró de wébíìlì, ìyẹn ìwé ẹrù tí ẹni tó gba ẹrù ti fọwọ́ sí, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ọjọ́, ọgọ́ta ọjọ́, nígbà mìíràn àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mo ti rí wébíìlì kan ṣoṣo tó há sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tó sì dá owó odindi ìrìnàjò dúró fún oṣù kan gbáko. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná ṣe ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé iléeṣẹ́ tí kò ní owó ìpamọ́ lè kú nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn gbogbo ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọkọ̀ kan ń jẹ 200 lítà dísù láti Iléṣà dé Èkó, kí ó sì padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí lítà kan kò tíì tó 300 náírà, epo ìrìnàjò náà kò tó 60,000 náírà. Kí ọdún náà tó parí, lítà kan ti kọjá 800 náírà, epo kan náà sì ti di ohun tó lé ní 160,000 náírà. Àdéhùn owó ẹrù tí iléeṣẹ́ ti bá oníbàárà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wà níbi tó wà. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan tí awakọ̀ rò pé ó ń mówó wọlé lè jẹ́ àdánù.

Ṣé owó ìrànwọ́ orí epo tí ìjọba yọ ní ọdún 2023 ló fa gbogbo rẹ̀?

Ó dá kún un, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni gbòǹgbò. Ohun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kan epo bẹntiróòlù. Dísù tí ọkọ̀ àjàgbé ń lò kò sí lábẹ́ ìrànwọ́ nígbà náà. Èyí tó ká àwọn akẹ́rù lára jù ni bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún náà, tí dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba fi kọjá 1,400 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra táyà, ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń díwọ̀n owó yíyá náà gun òkè láti ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote sọ iye lítà dísù kan di 1,000 náírà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó jẹ́ ìtura, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ti fi ọkọ̀ rẹ̀ dúró láti yá owó ní báńkì kò lè fi ìtura bẹ́ẹ̀ san èlé.

Àwọn àmì wo ni òṣìṣẹ́ lè fi mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ pátápátá?

Ẹ má ṣe wo ojú ọ̀gá, gárèjì ni kí ẹ wò. Bí mẹkáníìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ táyà, bàtìrì tàbí jẹ́nẹ́rétọ̀ ara ọkọ̀ kan láti fi sí òmíràn, tí ọkọ̀ tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀ kò sì kúrò lórí òkúta mọ́, iléeṣẹ́ ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ń fi kẹ́ẹ̀gì wọn epo tó kàn lè gbé ọkọ̀ débi tó ń lọ, tí wọ́n ní kí awakọ̀ wá epo ìpadàbọ̀ fúnra rẹ̀, owó ti tán. Ẹ tún wo ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò, nítorí àwọn wọ̀nyí ni iléeṣẹ́ tí ojú ń pọ́n kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó kọjá àsìkò. Ní iléeṣẹ́ tiwa, ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ dẹ́kun sísan owó fún, ó sì tó oṣù mẹ́rin kí ó tó kan àwa tí a wà ní ọ́fíìsì. Bí a bá ti béèrè lọ́wọ́ bàbá yẹn, à bá ti mọ̀.

Àmì yíyọ nǹkan lára ọkọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí bíréèkì tí kò mú lè ṣe fún ọkọ̀ tí ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n bá ní kí ó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ̀.

Wọ́n jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta. Ṣé kí n dúró ni àbí kí n lọ?

Ẹ jẹ́ kí n fi òwò àwọn baba wa ní Iléṣà níhìn-ín ṣàlàyé. Òṣómàáló, ìyẹn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́, máa ń kó aṣọ lọ sí Èkìtì àti Oǹdó, yóò tà á láwìn, yóò sì padà wá gbowó lọ́jọ́ àdéhùn. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé òun yóò lóṣòó síbẹ̀ títí owó òun yóò fi pé. Òṣìṣẹ́ tí wọn kò sanwó oṣù fún náà ti di ẹni tó ń tà láwìn. Agbára rẹ̀ ni ọjà, iléeṣẹ́ ni oníbàárà, awìn náà kò sì ní èlé kankan lórí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òṣómàáló mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ àti ọjọ́ tí yóò gbà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé, bí ó bá jẹ́ aṣọ ni ẹ ń tà, ṣé ẹ ó tún gbé aṣọ oṣù kẹrin fún ẹni yìí?

Èrò mi ni pé kí ẹ béèrè fún ìwé tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí, tó sọ iye tí wọ́n jẹ yín àti àwọn oṣù tí owó náà jẹ́ ti. Iléeṣẹ́ tó ní i lọ́kàn láti san kò ní kọ̀. Bí gbèsè náà bá ń dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí wà láti dúró. Bí ó bá ń pọ̀ sí i tí wọ́n sì kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn láti ọ̀la. Bí ẹ bá lọ, ẹ fi ìwé lọ, nítorí kíkọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò pa gbèsè owó oṣù tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún rẹ́.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ nígbà náà, mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, síbẹ̀ mo ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n wí. Àwọn kan fi oṣù méje ṣe sùúrù yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Kí ni òfin sọ bí wọ́n bá fẹ́ dá wa dúró?

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó dáàbò bo àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, sọ pé ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta tàbí kó dín gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ ọjọ́ kan; ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan; ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ẹni tó bá sì ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan. Bí àdéhùn ìgbaniṣíṣẹ́ yín bá fún yín ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti àdéhùn ni ẹ ó tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló dín kù tí wọ́n fi fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó ìdádúró. Òfin náà tún sọ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeéfọkàntán bá béèrè nǹkan mìíràn. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Òṣogbo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn lọ. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù wa. Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ń débi tó yẹ?

Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10, kí owó náà sì wọ àkáùǹtì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ àkáùǹtì yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o, kí ẹ sì fi wé ìwé owó oṣù yín ní oṣooṣù. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀.

Ṣé a lè di ọkọ̀ mú títí wọ́n á fi sanwó?

Rárá o. Bí awakọ̀ bá gbé ọkọ̀ pamọ́, tàbí tí ó tú dísù inú rẹ̀ tà, ọ̀rọ̀ gbèsè tí òun lẹ́tọ̀ọ́ sí yóò di ọ̀rọ̀ olè tí ọlọ́pàá ń wádìí, owó rẹ̀ á sì bá a lọ. Ní ti iléeṣẹ́, òun náà kò ní ẹ̀tọ́ láti máa yọ owó ẹrù tó bàjẹ́ tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀ lára owó oṣù bó ṣe wù ú: òfin ní kí ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda oníwèé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí àdánù náà sì wá láti inú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ náà.

Bí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé, ta ni yóò kọ́kọ́ gba owó?

Báńkì tí wọ́n fi ọkọ̀ dúró fún ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lára àwọn gbèsè tí òfin ní kí wọ́n san ṣáájú ti àwọn mìíràn tí iléeṣẹ́ jẹ lówó láìsí ohun ìdúró, bí àwọn tó ta táyà àti epo láwìn, ṣùgbọ́n ipò yìí kò wúlò bí kò bá sí ohun tó ṣẹ́ kù láti pín. Iléeṣẹ́ ńlá pàápàá lè kógbá sílé: ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ akẹ́rù Yellow tó ti wà láti ọdún 1924 dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ìparí oṣù Keje ọdún 2023, nǹkan bí 30,000 ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti yá a ní 700 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2020.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá mi lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 tí iléeṣẹ́ akẹ́rù Celadon ní Amẹ́ríkà wó, àwọn awakọ̀ kan wà lọ́nà jíjìn sílé nígbà tí káàdì tí wọ́n fi ń ra epo kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní tiwa níhìn-ín, ẹ máa mú owó ọkọ̀ ìpadàsílé sọ́wọ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti rí àmì tí mo sọ lókè. Bí ìròyìn bá bá yín ní Gbọ̀ngán tàbí Ìkirè, ẹ gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín bí epo bá ṣì tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí wébíìlì, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ọkọ̀ padà sí gárèjì, ẹ ka iye kìlómítà àti iye táyà tó wà lára rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín sì kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.