Iṣẹ́ òde ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ipò baba ìsàlẹ̀

Ọba Gẹ̀ẹ́sì kì í dá sí òṣèlú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣí ilé ìwòsàn tuntun, tí wọ́n ń fi oyè dá èèyàn lọ́lá, tí wọ́n ń gba àlejò láti òkè òkun, tí wọ́n sì ń ṣe baba tàbí ìyá ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú.

Ààfin máa ń kọ àwọn ìjáde wọ̀nyí sínú Court Circular, ìyẹn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òde ìdílé ọba. Ọba George Kẹta ló dá a sílẹ̀ ní 1803, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ń gbé ìròyìn òdì nípa ibi tí àwọn ará ààfin lọ àti ibi tí wọn ò lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti ń ka iye ìjáde ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ọmọba Anne, àbúrò Ọba Charles Kẹta tó wà lórí oyè báyìí, ló sábà máa ń ṣe ìkíní tàbí ìkejì. Òǹkà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Kéèyàn ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀kan ni. Kó bá olórí orílẹ̀-èdè mìíràn jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀kan náà ni. Àwọn ìwé ìjọba tí ọba ń kà nínú àpótí pupa, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ Kérésìmesì, kò sí nínú òǹkà rárá.

Nígbà tí Ọmọba Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹjọ 2017 lẹ́ni ọdún 96, ìjáde tó dá ṣe láti 1952 ti di 22,219. Èyí tó bá ìyàwó rẹ̀ lọ kò sí níbẹ̀.

Ipò baba ìsàlẹ̀ ti pẹ́. Èyí àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀ ni ti Ọba George Kejì pẹ̀lú Society of Antiquaries, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nǹkan àtijọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù. Baba ìsàlẹ̀ kì í darí àjọ, kò sì pọn dandan kó dáwó; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Elizabeth Kejì ṣe ìyá ìsàlẹ̀ fún àjọ tó lé ní 600, ó sì pín 25 nínú wọn fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní 2016 tó pé ẹni ọdún 90. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ààfin tún tirẹ̀ àti ti Charles àti ìyàwó rẹ̀ Camilla yẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ lé ní 1,000, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2024.

Ṣé orúkọ ọba ń mú owó wọlé? Ìwádìí kan tí àjọ Giving Evidence gbé jáde ní 2020 kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí owó ti hàn gbangba ni ti àwọn àjọ tí àwọn ará ààfin fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, bíi Prince's Trust (tó ti di King's Trust báyìí), àjọ tó ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́, tí Charles fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, £7,400, bẹ̀rẹ̀ ní 1976.

Ipò náà ṣeé gbà padà, bó ti ṣẹlẹ̀ ní 2022 sí Andrew, ọmọ Elizabeth Kejì, tó ṣì jẹ́ ọmọba nígbà náà. Ó sì ṣeé fi sílẹ̀. Ní 1996, lẹ́yìn tí òun àti Charles kọ ara wọn sílẹ̀, Diana jọ̀wọ́ nǹkan bí 100, ó di mẹ́fà péré mú. National AIDS Trust, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn éèdì, wà lára wọn. Kó tó dìgbà yẹn, ní oṣù Kẹrin 1987, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fífọwọ́ kan alárùn éèdì lè kó o ranni, ó ti bọ aláìsàn kan lọ́wọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́ ní Middlesex Hospital. Nínú fọ́tò náà, ẹ̀yìn ni aláìsàn náà kọ sí kámẹ́rà, kí wọ́n má baà dá a mọ̀.