Lánlọ́ọ̀dù tó ń kan ilẹ̀kùn lóru

Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, tó ní prósẹ́sọ̀ Intel tàbí AMD, kí ẹ tẹ grep MHz /proc/cpuinfo. Nọ́ńbà eré prósẹ́sọ̀ á tò wálẹ̀ ní MHz, ìlà kan fún core kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka prósẹ́sọ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́: ọ̀kan wà ní 3400, èkejì ń wọ́ nílẹ̀ ní 800. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà Linux kan tó ti pẹ́ díẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá béèrè ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá ohun tó máa sọ, wíwá yẹn kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Nínú prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD òde òní, ònkà méjì ló wà lára core kọ̀ọ̀kan. MPERF ń kà ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. APERF ń kà bí core bá ṣe ń sáré tó gan-an. Tí core bá sùn, àwọn méjèèjì á dákẹ́. Ẹni tó rí òpó kìlómítà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ìbàdàn ò lè sọ eré tí dánfó ń sá. Àfi kó rí òpó kejì. Bẹ́ẹ̀ ni kernel ṣe ní láti wo ònkà, kó dúró díẹ̀, kó tún wò ó.

Ìdúró yẹn ń náni ní àkókò, àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Core kan ò lè yọjú wo ònkà ẹlòmíì. Kernel ìgbà yẹn á ránṣẹ́ sí i, ìyẹn IPI (ìpè láti core kan sí òmíràn), onítọ̀hún á sì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì láti dáhùn. Bó bá ń sùn, dandan ni kó jí. Ẹ wo lánlọ́ọ̀dù ilé oníyàrá 64 tó ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lóru: “Ṣé o ti sùn?” Tó bá lo 10 mílísẹ́kọ́ǹdì péré lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Ní November 2017, nígbà tí Linux 4.14 kù díẹ̀ kó jáde, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, yọ kóòdù tó ń béèrè báyìí kúrò, torí ó wọ́n jù lórí ẹ̀rọ tí core rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀dà 4.15 wá kan gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá sí i lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ilé ṣì ń jí.

Thomas Gleixner, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú kernel, ló bá wọn tún un ṣe dáadáa ní 2022, nínú ẹ̀dà 5.19. Core tó ń ṣiṣẹ́ ti ń wo ònkà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí aago kernel bá lù, nítorí náà àkọsílẹ̀ yẹn ni cpuinfo kàn ń kà. Ẹni tó ti sùn ò ní àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí náà nọ́ńbà ìdíyelé ni wọ́n máa fún yín nípa tirẹ̀. Èyí ò dùn mí rárá. Eré wo lẹni tó sùn ń sá?

Ẹ tẹ uname -r kí ẹ mọ ẹ̀dà kernel tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí server kan tó ti pẹ́, mo bá script kan tó ń ka cpuinfo ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru. Mo tú u wò. Iye core ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mọ̀! Core tó jẹ́ 32 láàárọ̀, 32 náà ni lálẹ́. Mo fi nproc, àṣẹ tó ń sọ iye core, rọ́pò rẹ̀, mo sì gbé e jáde kúrò nínú loop, ibi tó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.