Ìkómọjáde ní Oulu: Ibi Tí Gbàgede Ìtàkùrọ̀sọ Onílé-Ara-Ẹni Ti Ṣẹ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kọ́ ni ayé ń mọ̀ ọ́n. Ó di ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde, tí wọ́n fi omi, oyin àti obì wúre fún un, tí ará ilé àti ará àdúgbò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìkómọjáde yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìtàn gbàgede ìtàkùrọ̀sọ tí ẹgbẹ́ kan lè gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti tún ṣe àti láti fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ ìbí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń wá kiri. Èmi ní láti ọjọ́ ìkómọjáde ló yẹ ká ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú Oulu ní àríwá Fínlándì ni wọ́n sì ti kó o jáde, IRC ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní rárá, PLATO ni, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Illinois, níbi tí Doug Brown àti David Woolley ti kọ Talkomatic ní 1973. Lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń hàn bí onítọ̀hún ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbé PLATO lọ sílé? CB Simulator, gbàgede ìtàkùrọ̀sọ tí ilé-iṣẹ́ CompuServe gbé jáde ní 1980, ńkọ́? Iye wákàtí tí ènìyàn bá lò ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ayálégbé ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ìtàn onílé ni mo sì ń sọ.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè fún ní ipò ẹ̀gbọ́n ni Jeff Kell, tó gbé ètò ìtàkùrọ̀sọ tó ń jẹ́ Relay kalẹ̀ ní 1985 lórí Bitnet, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà àwọn yunifásítì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ inú orúkọ Internet Relay Chat, èyí tí gbogbo ayé gé kúrú sí IRC. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹnì kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kó jẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rán an sí, gẹ́gẹ́ bí àrokò ṣe máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láyé àtijọ́.

Etí òkun ni Oulu wà, lókè pátápátá níbi tí ojú ọ̀run kì í ti í ṣú tán ní òru ìgbà ooru. Ní ìgbà ooru 1988, Jarkko Oikarinen ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Oulu, ó ń mójú tó ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tolsun. Pátákó ìkéde kan wà lórí ẹ̀rọ náà tó ń jẹ́ OuluBox, ó sì wù ú kí àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, dípò kí wọ́n máa fi ìwé sílẹ̀ de ara wọn. Òfìfo kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jukka Pihl ti kọ ètò kan tó ń jẹ́ MUT, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Jyrki Kuoppala náà ti kọ rmsg, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn ṣùgbọ́n tí kò ní gbàgede kankan. Oikarinen mú níbí, ó mú lọ́hùn-ún. Nígbà tí oṣù August ń lọ sópin, ọmọ tó ń jẹ́ IRC ti délẹ̀.

Inú yàrá ni ọmọ náà ṣì wà. Yunifásítì ló ni kóòdù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wà lóde Oulu tó lè gbé e kalẹ̀. Kuoppala ni kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sinmi. Ó ní kó lọ bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì kí wọ́n yọ̀ǹda kóòdù náà. Nígbà tí wọ́n gbà níkẹyìn, kíá ni Kuoppala gbé server tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń pín in, dìde ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Helsinki, ẹ̀rọ Oulu àti ti Helsinki sì bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún ara wọn. Ọjọ́ tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Ká ní yunifásítì ti fọwọ́ mú kóòdù yẹn ni, ohun ìṣeré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú kan ni ì bá jẹ́ títí tí wọn á fi gbàgbé rẹ̀. Oikarinen ló ń gba oríyìn nínú gbogbo ìwé, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń fojoojúmọ́ lo nǹkan yìí kò mọ orúkọ Kuoppala.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Fínlándì? Èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn ará ibẹ̀ ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní talkoot: aládùúgbò á péjọ, wọ́n á bá ẹnì kan kọ́lé tàbí kórè láìgba kọ́bọ̀, onílé á sì wá oúnjẹ fún wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀wẹ̀ nìyẹn? Ibi tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ bá ti mọ́ ènìyàn lára, kò ní ṣòro fún un láti yọ̀ǹda iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá tún wò ó dáadáa, ìsokọ́ra IRC fúnra rẹ̀ jọ àáró ju ọ̀wẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé server kalẹ̀, ó ń bá àwọn yòókù ru ọ̀rọ̀ wọn, àwọn náà sì ń bá a ru tirẹ̀. Ní July 1990, server 38 ló wà káàkiri ayé, ìpíndọ́gba ènìyàn tó ń wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 12. Onílé pọ̀ ju àlejò lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn ibi tí wọ́n ti bí i, ilà wà lójú rẹ̀. Kò sí àyè fún Ä àti Ö lórí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn. Ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi [ àti \ sí ni àwọn ará Fínlándì fi Ä àti Ö sí, ibi { àti | sì di ti ä àti ö. Nítorí náà ni RFC 1459, ìwé ìlànà tí Oikarinen àti Darren Reed gbé jáde ní May 1993, fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí Scandinavia tí IRC ti ṣẹ̀ wá, { ni lẹ́tà kékeré [. Àwa tí a ti bá kíbọ́ọ̀dù jà títí nítorí ẹ, ọ àti ṣ mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ìjà kò pẹ́ dé. Ní 1990, ẹ̀rọ kan ní Berkeley tó ń jẹ́ eris ṣílẹ̀kùn gbayawu, server èyíkéyìí lè so mọ́ ọn láìtọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ yà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sọ ara wọn ní EFnet: ìsokọ́ra tí eris kò sí nínú rẹ̀.

Ìyókù, ojú gbogbo wa ló ṣe é. Jeremie Miller kéde Jabber, ètò ìtàkùrọ̀sọ míì tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ní January 1999, ó di ìlànà tó ń jẹ́ XMPP ní 2004, orí ejabberd, server kan tó jẹ́ ti ìdílé yẹn, sì ni WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pe Slack, gbàgede ìtàkùrọ̀sọ ibi iṣẹ́, ní baba kò bi baba náà léèrè: IRC ni àwọn ènìyàn Stewart Butterfield, olùdásílẹ̀ rẹ̀, fi ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe géèmù Glitch, ibẹ̀ ni Slack ti jáde. Ní May 2018, Slack ti ilẹ̀kùn tí àwọn oní-IRC ń gbà wọlé sí i. Matrix, ìlànà ìtàkùrọ̀sọ tí ẹnikẹ́ni lè gbé kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ti dé ní 2014. Ní 2015, gbàgede mẹ́ta míì, Mattermost, Zulip àti Rocket.Chat, ṣí kóòdù wọn sílẹ̀. Porto Alegre ní Brazil ni Rocket.Chat ti wá, ìlú tí àwọn ẹlẹ́sìn Batuque ti ń kí Bará, Ẹlẹ́gbára tiwa, ní àárín ọjà. Ìjọba Faransé kọ́ Tchap, gbàgede ìtàkùrọ̀sọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, sórí Matrix, Mozilla tó ń ṣe Firefox náà sì kó kúrò lórí IRC lọ síbẹ̀ ní 2020.

Ní May 2021, nígbà tí àṣẹ freenode, ìsokọ́ra IRC kan, bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń bójú tó o dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dá ìsokọ́ra IRC tuntun tó ń jẹ́ Libera.Chat sílẹ̀. Wọn ò tọrọ kóòdù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Oulu ti yọ̀ǹda rẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá wọ Libera lónìí, tí ẹ fẹ́ fi { jẹ orúkọ tí ẹlòmíràn ti fi [ jẹ, ẹ̀rọ náà á sọ fún yín pé orúkọ náà ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ.