Súìṣì wọ́tà hítà tí ò nílò dátà: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àtohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó rà á

Ọ̀pọ̀ súìṣì smart tí wọ́n ń polówó pé ẹ lè fi fóònù tan wọ́tà hítà látorí bẹ́ẹ̀dì, fóònù yẹn kọ́ ló ń bá súìṣì sọ̀rọ̀ o. Téèyàn bá tẹ áàpù ẹ̀ nínú ilé ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, àṣẹ yẹn á kọ́kọ́ gba ráútà jáde, ó di ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá dá a padà sínú ilé tó ti jáde, kí súìṣì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó gbọ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, kíá báyìí ni, ìdí nìyẹn téèyàn kì í fi í fura. Ọjọ́ tí dátà bá tán ló máa hàn.

Dátà nìkan sì kọ́. Ní 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, ìyẹn MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, já lápá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dákú lọ́pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ẹni tó ní dátà rẹpẹtẹ náà ò rí i lò. Àwọn tó ń fi irú nǹkan báyìí mú ilé gbóná lókè òkun gan-an ò bọ́ ńbẹ̀: ní 25 oṣù kẹwàá 2025, Google yọ Nest Learning Thermostat, ẹ̀rọ ara ògiri tó ń darí ooru ilé, ìran kìíní àti ìkejì, kúrò lórí áàpù, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ògiri o, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yí i á dìde lọ fọwọ́ yí i. Owó ara wọn sì ni wọ́n fi rà á!

Èyí tí ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, inú ilé lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti ń parí. Irú Shelly, súìṣì Wáífáì kan, ní pèéjì tiẹ̀ nínú tẹ́ ẹ lè ṣí lórí fóònù, ráútà lásán ló fẹ́, MiFi tí dátà ẹ̀ ti tán náà tó. Zigbee, ọ̀nà míì tí ẹ̀rọ inú ilé ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ní tiẹ̀ ò lo Wáífáì, hub kan, ìyẹn àpótí kékeré tó ń so wọ́n pọ̀, ló ń darí ẹ̀, àwọn tó gbọ́ kọ̀ǹpútà máa ń fi áàpù Home Assistant sórí kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi fún iṣẹ́ yẹn. Àmì Matter tó jáde ní 2022, tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti òmíì ṣiṣẹ́, náà dáa, torí inú ilé ló ti ń gba àṣẹ. Àmọ́ hub míì wà tóun fúnra ẹ̀ ò ní dáhùn tí ò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ká má tan ara wa.

Ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀ jù ni aago. Òṣogbo níbí ni National Control Centre tó ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ NEPA ń mú iná wa lọ bíi ti gbogbo èèyàn. Tí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ súìṣì yìí máa gbàgbé aago, torí kò sí bátìrì nínú wọn, tí iná bá wá dé, wọ́n á lọ bèèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò bá sì rí i, aago márùn-ún ìdájí tẹ́ ẹ ṣètò pé kí hítà tàn nínú ọyẹ́, kò ní tàn, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan. Ẹ bèèrè bóyá aago ẹ̀ ní bátìrì, tàbí kẹ́ ẹ gbé hub àti ráútà sórí ínfátà. Táímà àtijọ́ tí wọ́n ń fi sínú bọ́ọ̀dù iná, tí ò mọ fóònù rí àmọ́ tó ní bátìrì tiẹ̀, lójú tèmi ó wúlò fún ọ̀pọ̀ ilé ju smart lọ.

Ẹ tún wo ohun tó máa ṣe tí iná bá dé. Àwọn kan á tàn fúnra wọn, àwọn kan á wà ní pípa, pípa ni kẹ́ ẹ yàn fún hítà. Hítà 2,000 wáàtì máa jẹ yúnìtì kan ní ìdajì wákàtí, iná wá dé ní aago méjì òru tí gbogbo ilé ń sùn, omi ta ló ń gbóná?

Iye áńpù ńkọ́? 2,000 wáàtì lórí 230 fóòltì ń fa bí áńpù 8.7, 3,000 á fa 13, torí náà ẹ fi 10 áńpù pọ́ọ́kú yẹn sílẹ̀, 16 ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ dán an wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Ẹ yọ síìmù kúrò nínú MiFi àmọ́ ẹ jẹ́ kó máa tàn, ẹ pa dátà fóònù, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa iná ilé, ẹ tún un tàn, ẹ wo aago ẹ̀. Kí bọ́tìnnì tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀ sì wà lára ẹ̀ o, torí màmá àgbà ò ní máa wá fóònù kiri kí wọ́n tó wẹ̀.