Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ ètò àdúgbò n'Ìbàdàn

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn, 5 láàárín ìgboro, 6 lẹ́yìn ìlú. Àwọn ni ìwé òfin ọdún 1999 gbé ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ọjà àti kíkó ilẹ̀ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa kọ̀wé béèrè.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀dọ́ kì í ti í ráyè. Ayálégbé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ṣì ń gbé nílé bàbá wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ní kí wọ́n wá ṣọ́ àdúgbò. Bí gọ́tà bá dí, wọ́n á ní kí wọ́n wá kó o. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan iṣẹ́ tó máa ṣíwájú, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n. Kò dáa bẹ́ẹ̀ rárá: ẹni tó ń kó gọ́tà ló mọ ibi tó ti ń dí.

Ẹ̀rí ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìlú tí odò Ògùnpa ya bò ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omíyalé tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2011, kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ omi sẹ́yìn. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹrẹ̀ máa ń fàlà sára ògiri níbi tí omi ga dé. Ọ̀dọ́ kan á fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, èkejì á kọ nọ́ńbà ilé àti ọjọ́ òjò sílẹ̀, ẹlòmíràn á fi fóònù ya afárá tí pàǹtírí dí. Wọ́n tún lè fi gọ́tà àti afárá náà sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kún lọ́fẹ̀ẹ́. Alága lánlọ́ọ̀dù tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn, pàápàá bí àgbà kan bá mú wọn wọlé.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, tí alága àti baálẹ̀ tàbí mọ́gàjì bá fọwọ́ sí i. Kí wọ́n gba ẹ̀dà tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, kí wọ́n mú òmíràn fún káńsẹ́lọ̀. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó bá dé ní oṣù kejìlá ti pẹ́.

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wọn omi yẹn ló yẹ kó dúró ti agbaṣẹ́ṣe, pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́, kí gọ́tà má baà há ju bó ṣe yẹ lọ.